Ta Ló Rán Aṣọ Orin Náà?



Bí ènìyàn bá dúró lẹ́bàá títì ní Òkè Bọ́lá láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, yóò rí àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú agbádá, nínú ìró àti bùbá. Ẹni tó wọ aṣọ ni à ń kí pé, "Aṣọ yìí mà yẹ yín o!" Ó ṣọ̀wọ́n kí á tó béèrè télọ̀ tó rán an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti orin. Ẹnì kan á ronú kan orin, ìyẹn ló ra aṣọ. Ẹlòmíràn á tò ó fún ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè, òun ni télọ̀. Ọ̀rọ̀ télọ̀ orin ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ wo àwọn onídùndún wa. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ń dáhùn láìsinmi. Olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀, nítorí pé ó ti kọ́ ọ láti kékeré lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ènìyàn tó lé ní 20 jọ, tí wọn kò jọ dàgbà, tí ọ̀kan ń fọn trumpet, tí òmíràn ń fọn trombone, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti jókòó ṣáájú kí ó kọ ipa olúkúlùkù sínú ìwé: ìwọ ni kí o mú orin, ìwọ, máa gbè é nísàlẹ̀, ìwọ, dákẹ́ ná. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohùn fèrè kọ̀ọ̀kan lè ga dé, àti ìgbà tí afọnfèrè yóò fẹ́ mí. Bí gbogbo wọn bá dún lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ọjà ni a ó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, oṣù kan péré lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà, Randy Weston, atẹdùùrù aláwọ̀ dúdú láti Brooklyn ní New York, gba àwo orin jazz kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Uhuru Afrika. Òmìnira ni uhuru túmọ̀ sí ní èdè Kiswahili. Orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà ló gba òmìnira lọ́dún náà, Weston sì fẹ́ bá wọn yọ̀. Akéwì Langston Hughes ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọmọ tiwa, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ agbègbè Àgbádárìgì, lu ìlù níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílù láti Kúbà.

Melba Liston ni télọ̀ orin náà. Kansas City ni wọ́n bí i sí ní 1926. Trombone ló ń fọn, ó sì ti bá ẹgbẹ́ Dizzy Gillespie ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọkùnrin. Orin ti ọkàn Weston wá. Liston ló gé e, tó rán an, tó fi bá gbogbo wọn mu. Orúkọ Weston ni wọ́n fi ń pe àwo náà, ṣùgbọ́n Weston fúnra rẹ̀ kò fi iṣẹ́ Liston pamọ́. Agbára orin yìí pọ̀ débi pé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà fòfin dè é ní 1964.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Lọ́dún kan, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kọrin níwájú àwọn òbí. Mo pe ọmọkùnrin tó lé orin, mo yìn ín, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. N kò rántí ọmọbìnrin tó fi alẹ́ mẹ́ta pín ohùn fún wọn, àfi ìgbà tí mo rí i tó ń kó àga jọ, tí kò wí nǹkan kan. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti tán.

Liston kọ́ni ní orin ní Jàmáíkà láti 1973 títí di 1979. Ní 1985, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, kò lè fọn trombone mọ́. Síbẹ̀ ó fi kọ̀ǹpútà to orin, ó sì tún bá Weston ṣiṣẹ́ kí ó tó kú ní 1999.

Nítorí náà, bí orin bá dùn mọ́ yín lórí rédíò, ẹ béèrè orúkọ akọrin, kí ẹ sì béèrè ẹni tó rán aṣọ rẹ̀.