Fóònù wo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló yẹ ìyá tó wà ní Ìjù?

Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí Àbújá, tí ìyá rẹ̀ sì wà ní Ìjù lẹ́bàá Àkúrẹ́, fóònù ló fi ń mọ̀ bóyá ìyá náà jí dáadáa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fóònù rírà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń na owó ńlá lórí fóònù tó rẹwà, tí a ó ra síìmù ilé iṣẹ́ tí àwa fúnra wa ń lò l'Ékòó sí i, tí a ó sì kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ kejì, a ó pè, a ó tún pè, ohùn kan ni yóò máa dá wa lóhùn pé ẹni tí à ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mò ń kọ èyí. Fóònù tí mo rà fún màmá mi, àfi kí wọ́n gbé e jáde lọ sétí títì kó tó lè dún. Nínú yàrá, òkú ni. Lóru ọjọ́ kan ni ibà kọlù wọ́n, wọn kò rí ẹnikẹ́ni pè. Ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó gbọ́, ẹnu aládùúgbò tó ń lo síìmù mìíràn la sì ti gbọ́ ọ. Ara wọn ti yá, a dúpẹ́. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé èmi náà jẹ̀bi: n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìjù kí n tó lọ rà á.

Àwọn tó ti dàgbà kí ọdún 2001 tó dé mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Láyé NITEL, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bíi 400,000 lọ, fún èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, àjọ NCC, tí Ọ̀gbẹ́ni Ernest Ndukwe jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, ta ìwé àṣẹ GSM ní mílíọ̀nù 285 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àádọ́ta náírà ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó odidi ìṣẹ́jú kan ni yóò san. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu aráàlú díẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni àwọn tó ń fi agboorùn ṣòwò fóònù lójú títì gbòde kan, tí fíláàṣì sì di àṣà wa.

Orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ yìí kì í dúró sójú kan o. Ẹni tó ra síìmù 0802 lọ́wọ́ Econet ti bá a dé Vmobile, Celtel àti Zain, kó tó di Airtel lọ́dún 2010. Etisalat tó dé lọ́dún 2008 di 9mobile lọ́dún 2017, ó sì di T2 lọ́dún 2025. Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ tàbí ìpolówó ọjà. Òpó tó wà nítòsí ilé ni kí ẹ wò. Bí òpó bá wà létí títì Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì, kò túmọ̀ sí pé ẹni tó wà lóko lẹ́yìn òkè yóò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ yá síìmù oríṣiríṣi lọ́wọ́ ará ilé, kí ẹ dán wọn wò nínú yàrá ìyá gan-an, ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pè, kí ẹ tún dán wọn wò lóko àti lọ́jà. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe POS ládùúgbò. Síìmù ló wà nínú ẹ̀rọ wọn, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, ebi ni, nítorí náà wọ́n mọ èyí tó ń lọ ju àwọn tó ń ta síìmù lọ.

Ní ti fóònù fúnra rẹ̀, Nokia 1100 tó jáde lọ́dún 2003 tà ju mílíọ̀nù 250 lọ káàkiri àgbáyé. Tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ àti bátìrì tó lè lo ọjọ́ mélòó kan wà lára ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, n kò rí ohun tí kámẹ́rà mẹ́ta ń ṣe lára fóònù ẹni tó ń lọ sóko. Fóònù bọ́tìnì olóhùn gíga, tó ń gba síìmù méjì, dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ìyá bá fẹ́ máa rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní London lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: ẹ ra èyí tó ń gba 4G, kí ẹ sì fi owó dátà sọ́kàn, nítorí NCC gbà wọ́n láyè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 láti fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó jáde bá ti ara páálí mu.

Orúkọ àti NIN ìyá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi forúkọ síìmù sílẹ̀, kì í ṣe tiyín. Lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù, òun ni wọn yóò bi, nọ́ńbà yẹn sì ni báńkì rẹ̀ mọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò bá dára mọ́, láti ọdún 2013 ni a ti lè kó nọ́ńbà wa lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn láìyí i padà. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè pe NCC lórí 622.

Fóònù bọ́tìnì kékeré ni màmá mi ń lò báyìí, síìmù méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí olówó ńlá tí mo kọ́kọ́ rà wà nínú àpótí aṣọ wọn, tí wọ́n fi ìborùn wé. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò wọ yàrá.