Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Láptọ́ọ̀pù Fúyẹ́fúyẹ́ fún Èrò Ọ̀nà

Ẹ̀yin èrò ọ̀nà, ọmọ arìnnàkore, tí ẹ ń wá kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní wọ̀ yín lọ́rùn, tí kò sì ní gbọ́n àpò yín gbẹ, tòkunbọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti lò ni kí ẹ kọ́kọ́ fojú sí, nítorí, lójú tèmi, ó sábà máa ń lágbára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ wo ThinkPad X280 ti ọdún 2018, tí kò wúwo tó kílò kan àbọ̀, tó sì ń gba iná láti ojú USB-C. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: RAM rẹ̀ lẹ̀ mọ́ pátákó inú rẹ̀ típẹ́típẹ́, nítorí náà 8GB ni kí ẹ mú, ẹ má gba 4GB. X280 tí ọpọlọ (processor) Intel inú rẹ̀ kò bá tó ìran kẹjọ, Microsoft kò fọwọ́ sí i fún Windows 11, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú Windows 10 ti parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ lò ó títí, kí ẹ mọ bí bátìrì náà ṣe ń fara dà á.