Mọ́ọ̀sì tó yè lófurufú, kòkó tí kò gbọdọ̀ gbẹ

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Hokkaido ní Jàpáánì ti gbé ìwádìí wọn jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ kiri ni pé mọ́ọ̀sì gbé lófurufú fún oṣù mẹ́sàn-án. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ewéko tútù tó ń bo ògiri nígbà òjò ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ISS, ibùdó òfurufú àgbáyé. Spọ́ọ̀ ni, lẹ́búlẹ́bú tí mọ́ọ̀sì fi ń bímọ, tó ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ó sùn ni, kò hu ewé kankan. Lẹ́yìn ọjọ́ 283, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tó yè.

Ohun tó gbà á là ni pé ó mọ̀ ọ́n gbẹ. Bí omi bá tán nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, awọ rẹ̀ á wó, pùrótéènì á dì pọ̀, ó parí nìyẹn. Spọ́ọ̀ kì í dúró dìgbà náà. Kí omi tó lọ, ó ti kó ṣúgà àti àwọn pùrótéènì kan sípò rẹ̀, inú rẹ̀ á wá le bíi dígí. Ohun tí kò lè rìn kì í tètè bàjẹ́. Nínú àdánwò, spọ́ọ̀ inú àpò fara da òtútù -196°C fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fara da ooru 55°C fún oṣù kan.

Ẹ wá fi igi kòkó wé e. Àgbẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé kòkó tí a ti sá kì í wọ nọ́sírì. Hóró tútù ni wọ́n ń gbìn, pẹ̀lú oje funfun tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Bí èso bá pọ́n jù lórí igi, ẹ ó bá hóró tó ti ń ta gbòǹgbò nínú rẹ̀. Igbó òjò Amazon ló ti ṣẹ̀ wá. Kò sí ohun tó kọ́ ọ ní gbígbẹ, òtútù sì ń pa á. Ìdí nìyẹn tí àká irúgbìn Svalbard ní Nọ́wè, tó wà ní -18°C, kò fi lè tọ́jú rẹ̀. Igi láàyè ni wọ́n fi ń pa ẹ̀yà kòkó mọ́, ní Trinidad àti ní CRIN, ilé ìwádìí kòkó n'Ìbàdàn, níbi tí iná tàbí àrùn ti lè kàn án.

Àwọn onímọ̀ Jàpáánì náà ṣírò pé spọ́ọ̀ lè lo tó ọdún 15 lófurufú. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, nítorí náà mi ò tíì lè gbà á tán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti oko lórí Mars. Lójú tèmi, gbígbẹ yẹn ló yẹ ká lépa fún kòkó. Ní Yunifásítì Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti rẹ ọlẹ̀ kòkó tí wọ́n tọ́ nínú ìgò sínú omi ṣúgà, wọ́n jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, wọ́n fi sínú òtútù -196°C, ó sì tún hù. Odindi hóró, tó sanra tó sì kún fún ọ̀rá, ni kò tíì gbà.