Àṣẹ́kù Nínú Ìṣirò Pípín

Ìṣirò pípín a máa dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ọmọdé, kì í ṣe nítorí pé pípín náà le, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. Wọn a máa rò pé bí nǹkan bá ti ṣẹ́ kù, àwọn ti ṣì í ṣe. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ní ayé àtijọ́, ogójì owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń sín sórí okùn kan. Ẹni tí ó bá ní 250 yóò sín okùn mẹ́fà, mẹ́wàá yóò sì ṣẹ́ kù. Kò jẹ́ da mẹ́wàá náà nù, nítorí owó ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe lè fi èyí kọ́ ọmọdé. Ká ní ìyá kan ní Ìgándò ra ọsàn 23 bọ̀ láti ọjà Ìkọ̀tún, tí ó sì fẹ́ pín in lọ́gbọọgba fún àwọn ọmọ rẹ̀ 5. Kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ 23 lé ọmọdé náà lọ́wọ́, kí ó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dúró nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ní 3, òkúta 8 ni yóò wà nílẹ̀. Kí a bi í léèrè pé, "Ǹjẹ́ 8 yìí kò tún lè kárí?" Yóò rí i pé ó lè kárí lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ó bá ku 3, kò lè kárí mọ́. Òfin rẹ̀ nìyí: àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ kéré sí iye àwọn tí a ń pín nǹkan fún. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó fi 5 sọ 4 di púpọ̀, kí ó sì fi 3 kún un. Yóò pé 23.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò tíì parí. Ohun tí à ń pín ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe sí àṣẹ́kù. Aránṣọ kan ní Ẹgbẹ́dá tí ó ní 23 ọ̀pá aṣọ, tí ó sì ń lo 5 ọ̀pá fún ẹnì kan, yóò rán ti ènìyàn 4. 3 ọ̀pá tí ó kù kò tó ẹni karùn-ún. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ 23 bá ń ti Ìgándò lọ sí Ìkẹjà, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju 5 lọ, ẹni tí ó bá pe ọkọ̀ 4 yóò fi ọmọ 3 sílẹ̀ lójú títì. Ọkọ̀ 5 ni ó yẹ kí ó pè.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àbúrò yín ní ìṣirò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọ àṣẹ́kù sílẹ̀ lásán kí ó sì kọjá lọ. Ẹ bi í pé kí ni ó kù. Nígbà mìíràn, ẹ bi í pé ta ni ó kù.