Bí Ìmọ́lẹ̀ Ti Ń Fi Ayédèrú Owó Hàn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń kó àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ẹ mọ̀ bí owó ti í ti ọwọ́ dé ọwọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹni tí ó ti tọ́jú ẹ̀gẹ́ fún oṣù mẹ́wàá, tí ó sì gba ayédèrú owó dípò rẹ̀, làálàá rẹ̀ di asán. Nítorí bí ó bá mú un dé ilé ìfowópamọ́, wọn yóò gbà á, wọn kì yóò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí í gba ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí wọn a sì dá a padà ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Wọn kò dàbí tanátaná, tí í tàn láti inú ara rẹ̀ wá. Bí a kò bá tan iná sí wọn, òkùnkùn ni wọ́n wà. Ní ọdún 1852 ni George Stokes, amòye kan ní Cambridge, ṣe àlàyé ohun yìí. Lára owó náírà, nọ́mbà dúdú tí a tẹ̀ sí i a máa di àwọ̀ ewé lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní ultraviolet.

Bébà rẹ̀ pàápàá ń jẹ́rìí. Bébà tí a ń rà ní ilé ìtàwé ní èròjà tí ń mú un funfun, iṣẹ́ rẹ̀ sì sún mọ́ ti búlúù tí alágbàfọ̀ ń fi sí omi. Nítorí náà lábẹ́ iná náà yóò tàn yòò. Òwú ni a fi ṣe bébà owó, kò sì ní èròjà yìí, nítorí náà kì í tàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: owó gidi tí a gbàgbé sínú àpò aṣọ, tí a sì fi ọṣẹ lúbúlúbú fọ̀, lè tàn bí ayédèrú. Ẹ má ṣe tètè pe aládùúgbò yín ní olè.

Àwọn oníwàyó pẹ̀lú ń kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ti rí yíǹkì tí ń tàn rà. Nítorí náà ni àwọn amòye ṣe yí sí àwọn wóró tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè to ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sórí ìbú irun orí kan. Ohun ìyanu ni pé ohun kan náà ni a fi ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù a tàn ní búlúù, èyí tí ó tóbi díẹ̀ sí i a tàn ní pupa. Nítorí iṣẹ́ yìí ni Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov fi gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2023. Bí ooru tí a fi sè wọ́n bá yàtọ̀ díẹ̀, àwọ̀ wọn yóò yí padà; ẹ̀rọ sì lè wọn àwọ̀ náà, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó kú, ju bí ojú ti lè ṣe lọ. Ibẹ̀ ni ó ti le fún aṣàdàkọ.

Iná kékeré tí ń fi nọ́mbà náà hàn kò wọ́n púpọ̀. Ẹgbẹ́ ọjà lè ra ọ̀kan fún gbogbo ènìyàn. Ibi òjìji ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ má sì ṣe tàn án sí ojú ẹnikẹ́ni, nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Síbẹ̀, lójú tèmi, ọwọ́ ni kí ó ṣáájú iná. Ẹ fi ìka pa owó 200, 500 tàbí 1000, ẹ ó mọ̀ bí ìtẹ̀wé rẹ̀ ti yọ sókè. Ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ ó rí àwòrán tí ó fara sin sínú rẹ̀, àti okùn tín-ín-rín tí ó dàbí ẹni pé ó já, ṣùgbọ́n tí kò já, tí a kọ CBN sí lára.

Bí ó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ má ṣe ná an fún ẹlòmíràn, nítorí òfin ń mú ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ná an. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìfowópamọ́ tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.