Bí Lẹ́tà HOA Bá Dé: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé ní Texas Mọ̀

Ẹni tó bá ra ilé sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àdúgbò tuntun tó yí Houston ká, bíi Katy, Richmond tàbí Pearland, ti di ọmọ ẹgbẹ́ kan kó tó kó ẹrù wọlé. HOA ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé. Kò dà bí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tiwa nílé, tí ènìyàn lè sá fún ìpàdé rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Òfin àdúgbò náà wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, ilẹ̀ gan-an ló sì so mọ́. Ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀ ti gbà á, ì báà kà á, ì báà má kà á.

Òfin yìí máa ń wọ inú nǹkan kéékèèké: bí koríko ṣe gbọ́dọ̀ mọ, ọjọ́ tí garawa ìdọ̀tí lè wà níta, ọkọ̀ tó ti kú tí a pa tì síwájú ilé. Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù ni ti iṣẹ́ ara ilé. Bí o bá fẹ́ ṣe ọgbà tuntun tàbí kí o yí àwọ̀ ọ̀dà ilé rẹ padà, o ní láti kọ̀wé gbàṣẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ agbára ẹgbẹ́ ní ààlà. Láti 1996, òfin ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ní kí o yọ díìṣì tẹlifíṣọ̀n tí kò fẹ̀ ju mítà 1 lọ kúrò lórí ilé tó jẹ́ tìrẹ nìkan. Bí o bá sì rí i nínú ìwé àdúgbò àtijọ́ kan pé kí wọ́n má ta ilé fún aláwọ̀ dúdú, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ti sọ ní 1948 pé kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ fìdí irú rẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ìránnilétí lásán. Gé koríko náà, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ló ń parí síbẹ̀. Kí wọ́n tó lè bu owó ìtanràn lé ọ, Orí 209 nínú òfin ohun-ìní Texas ní kí wọ́n kọ lẹ́tà tó ní ẹ̀rí ìfiránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí o ṣe ní pàtó, kó fún ọ láyè láti tún un ṣe bó bá ṣeé tún ṣe, kó sì jẹ́ kí o mọ̀ pé o lè béèrè ìjókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ láàárín ọjọ́ 30 sí ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Bí o bá tún ṣe irú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, wọn ò ní láti fún ọ láyè àtúnṣe mọ́.

Kọ ìbéèrè ìjókòó náà sílẹ̀. Má fi mọ sórí fóònù. Láti 2021, wọ́n gbọ́dọ̀ kó àwọn ìwé àti fọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi rojọ́ fún ọ, ó kéré tán ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìjókòó. Bí wọn ò bá kó o fún ọ, o lè gba ìsúnsíwájú ọjọ́ 15. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ẹgbẹ́ tó bá ń gba ìtanràn gbọ́dọ̀ ní ìlànà lákọsílẹ̀ tó sọ iye tó tọ́ sí irú ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Béèrè fún un. Bí aládùúgbò rẹ bá ń ṣe ohun kan náà tí wọn ò bá a wí, ya fọ́tò ìyẹn náà, nítorí òfin kò fàyè gba ojúsàájú.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kàwé yìí fara balẹ̀ sí nìyí. Bí ẹgbẹ́ bá bí ènìyàn nínú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé òun ò ní san owó ẹgbẹ́ mọ́. Má dán an wò! Ní Texas, wọn ò lè ta ilé rẹ nítorí ìtanràn nìkan, ṣùgbọ́n bí ìwé òfin àdúgbò náà bá fún wọn lágbára, wọ́n lè tà á nítorí owó ẹgbẹ́ tí o jẹ. Òótọ́ ni pé Texas ń dáàbò bo ilé tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ ní gbèsè, àmọ́ ní 1987, nínú ẹjọ́ Inwood North, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà pinnu pé ààbò yẹn kò ká gbèsè owó ẹgbẹ́, torí pé òfin àdúgbò ti wà lórí ilẹ̀ kí onílé tó dé. San owó náà, kí o máa bá ẹjọ́ rẹ lọ. Bí ọwọ́ kò bá tó o, ní kí wọ́n jẹ́ kí o máa san án díẹ̀díẹ̀: ẹgbẹ́ tí ilé abẹ́ rẹ̀ ju 14 lọ gbọ́dọ̀ ní irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti ta ilé, o ní ọjọ́ 180, láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ti tà á, láti rà á padà.

Bí o bá ti fi ilé náà háyà, tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé ní Ìbàdàn tàbí London, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ lónìí, kí o fún wọn ní àdírẹ́sì tí lẹ́tà á ti bá ọ. Àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé wọn ni wọ́n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ ni ọjọ́ 30 náà ti bẹ̀rẹ̀.