Ohun Tí Mo Rí ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia

Nígbà ìsinmi tó kọjá, Dádì kó gbogbo wa láti Warri lọ sí Umuahia, ní ìpínlẹ̀ Abia, láti lọ wo Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ti orílẹ̀-èdè wa. Ibi tí wọ́n kàn ń kó ìbọn sí ni mo rò pé ó jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó débẹ̀. Nígbà tí a dé orí afárá odò Ọya láàárín Asaba àti Onitsha, Dádì ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra gbà kọjá ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967. Wọ́n gba Benin, wọ́n gba Warri wa yìí náà, wọ́n sì rìn títí dé Ore. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Ore!" Nígbà tí wọ́n ń sá padà, wọ́n fọ́ afárá náà ní oṣù Kẹwàá. Mọ́mì wá sọ pé ní Asaba níbẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àwọn ará ìlú jó jáde láti kí sójà ìjọba àpapọ̀ káàbọ̀, àmọ́ ńṣe ni àwọn sójà náà yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin, títí kan àwọn ọmọkùnrin tí kò ju èmi lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀.

Ọdún 1985 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ Umuahia? Nígbà tí Enugu bọ́ lọ́wọ́ Biafra ní 1967, Umuahia ni wọ́n sọ di olú ìlú wọn, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi gbà á ní oṣù Kẹrin ọdún 1969. Yàrá kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tí Rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí kí bọ́ǹbù ọkọ̀ òfuurufú má bàa bà á jẹ́. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú títí a fi jáde.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè ni ogbunigwe. Lédè Igbo, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ ti dí ọ̀nà òkun, ohun ìjà ò rọrùn láti rà wọlé, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Biafra bá ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Wọ́n á di ẹ̀tù àti irin wẹ́wẹ́ sínú agolo irin. Bó bá ti bú, irin á fọ́n sára ẹni tó ń bọ̀. Mọ́tò ogun tí wọ́n fi irin bò, tí wọ́n ń pè ní Red Devil, náà wà níbẹ̀. Mo ní, "Dádì, wọ́n mà gbọ́n o!" Dádì ní, "Wọ́n gbọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ogun ní kí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe."

Ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun, NNS Bonny, wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwa ọmọ Warri mọ ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ èyí tí kò lómi lábẹ́ yà mí lẹ́nu. Apá kan tún wà fún ogun àtijọ́. Ó rán mi létí ogun Kírìjì tí Yorùbá bá Yorùbá jà láti 1877, tí wọ́n sọ lórúkọ nítorí ìró ìbọn ńlá. Ogun abẹ́lé kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Ogun Biafra parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ní àwọn tó kú ju mílíọ̀nù kan lọ, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù, pàápàá àwọn ọmọdé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ọmọkùnrin kan wà ní họ́stẹ̀lì wa tó tín-ín-rín. "Biafra" la máa ń pè é tó bá lọ gba oúnjẹ. Èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a wọlé padà, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò tọ́pẹ́, àmọ́ ó ní àbúrò méjì ni ìyá bàbá òun sin nígbà ogun náà. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ní kó má bínú lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àròbá. Àròbá sì ni baba ìtàn. Mo bẹ̀ yín, kí kálukú wa béèrè àròbá ogun yìí lọ́wọ́ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan ní ìsinmi tó ń bọ̀, ká wá kà á fún ara wa nínú ẹgbẹ́. Bákan náà, ẹ jẹ́ ká yé pe ẹnikẹ́ni ní "Biafra" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.